Ayùn onítábìlì tó ń jó pákó tó sì ń ta á padà: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ayùn onítábìlì àlòkù kan, íǹṣì 10 ni bíléèdì rẹ̀. Bí mo bá ti ń là pákó, apá tó wà lọ́dọ̀ fẹ́ǹsì (irin gbọọrọ tí pákó máa ń fara tì bí a bá ń là á) máa ń jó, á dúdú, èéfín á máa rú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ta pákó padà, ó gbá mi níkùn. Mo fi tépù wọn àárín bíléèdì àti fẹ́ǹsì: iwájú jẹ́ mìlímítà 100, ẹ̀yìn jẹ́ 99. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn bíléèdì tẹ́lẹ̀, mo yọ ọ́ torí ó ń dí mi lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí n ṣí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì sílẹ̀. Ṣé bíléèdì ni kí n pààrọ̀, àbí kí n tà á, kí n lọ ra irú èyí tó máa ń dúró fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá kàn án?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Bí ikùn yẹn bá ṣì ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ohun tó bá gbá ikùn lè ṣe inú léṣe kí awọ má sì fi hàn.

Ẹ má tíì tà á, ẹ má sì tíì ra bíléèdì tuntun. Jíjó tí pákó yín ń jó àti títa tí ayùn ta á padà, àìsàn kan náà ni. Mìlímítà kan tí tépù fi hàn yín yẹn ló ń fà á, irin tí ẹ sì yọ lẹ́yìn bíléèdì ni ì bá dá a dúró kó tó dé ara yín.

Ẹ wo bí bíléèdì ṣe ń yí. Eyín tó wà níwájú, lọ́dọ̀ yín, ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú tábìlì ni. Òun ló ń gé pákó, bó sì ṣe ń gé e ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Eyín tó wà lẹ́yìn ń ti abẹ́ tábìlì gòkè bọ̀, á gba òkè, á sì kọjú sí yín. Eyín ẹ̀yìn yìí kò yẹ kó ní iṣẹ́ kankan, torí iwájú ti là á tán. Ṣùgbọ́n bí àlàfo ẹ̀yìn bá fún ju ti iwájú lọ, pákó á há sáàárín fẹ́ǹsì àti eyín ẹ̀yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ máa ha ara wọn, pákó á jó. Bí híhá náà bá pọ̀ sí i, eyín ẹ̀yìn á gbé pákó kúrò lórí tábìlì, á sì jù ú lu ẹni tó dúró níwájú. Bíléèdì íǹṣì 10 tó ń yí nígbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń sá tó mítà 53 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn tó nǹkan bíi kìlómítà 190 ní wákàtí kan. Kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó kó yẹ̀ fún un.

Tépù yín kò parọ́, àmọ́ kò tíì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ rí i pé bíléèdì àti fẹ́ǹsì kò bá ara wọn dọ́gba. Èwo nínú méjèèjì ló wá wọ́? Bó bá jẹ́ bíléèdì ló wọ́, tí ẹ sì lọ wọ́ fẹ́ǹsì tẹ̀lé e, pákó tí ẹ bá ń là ní gígùn á dáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gé pákó ní ìdábùú, wàhálà náà á tún yọjú. Ohun tí kì í yẹ̀ lórí ayùn ni yàrà gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ sójú tábìlì, èyí tí gééjì ìdábùú, ìyẹn ohun tí a fi ń ti pákó bí a bá fẹ́ gé e ní ìdábùú, máa ń rìn nínú rẹ̀. Ara irin ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kò ṣeé yí, nítorí náà òun ni olórí. Ẹ kọ́kọ́ mú bíléèdì bá yàrà mu, kí ẹ tó mú fẹ́ǹsì bá yàrà kan náà mu. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí fẹ́ǹsì á ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná. Pípa súwìṣì nìkan kò tó. Ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ, kí ẹ gbé e síbi tí ojú yín á ti máa rí i. Ẹ gbé bíléèdì sókè dé òpin, ẹ fi máákà sàmì sí eyín kan. Ẹ wá ègé pákó kan, ẹ dè é mọ́ gééjì, kí ẹ wá fi síkúrù kan wọ etí rẹ̀ kí orí síkúrù náà kọjú sí bíléèdì. Ẹ fi ọwọ́ yí bíléèdì títí eyín tó ní àmì á fi wà níwájú, ẹ ti gééjì lọ bá a, kí ẹ máa yí síkúrù díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi kan eyín náà fẹ́rẹ́. Ẹ mi bíléèdì síwá sẹ́yìn: ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún ṣín, ṣín. Ó yá, ẹ yí bíléèdì kí eyín kan náà bọ́ sẹ́yìn, ẹ ti gééjì tẹ̀lé e, ẹ tún tẹ́tí. Bí ó bá dún bákan náà, bíléèdì tọ́. Bí kò bá kàn án mọ́, tàbí tó kọ̀ láti kọjá rárá, ó wọ́ nìyẹn.

Eyín kan náà ni o, níwájú àti lẹ́yìn. Bíléèdì fúnra rẹ̀ lè tẹ̀ díẹ̀, bí ẹ bá sì lo eyín méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ti bíléèdì lẹ ń wọ̀n tàbí ti tábìlì. Ẹ lè fi bébà mọ bí àlàfo ṣe tóbi tó, torí ewé bébà ìkọ̀wé kan nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 0.1. Bí ewé kan bá ráyè wọlé tí méjì kò ráyè, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti gba mẹ́ta, ó tó tún ṣe.

Bí ẹ ó ṣe tún un ṣe wà lọ́wọ́ irú ayùn tí ẹ ní. Lára àwọn ńlá tó jókòó sórí àpótí irin, tábìlì ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ àpótí. Ẹ tú mẹ́ta nínú bóòtù mẹ́rin náà, ẹ jẹ́ kí ìkẹrin ṣì mú díẹ̀, kí ẹ wá máa fi òòlù onígi kan ẹ̀gbẹ́ tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lára àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣí sílẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn yọ sẹ́yìn, abẹ́ tábìlì ni wọ́n so irin tó gbé bíléèdì mọ́, àwọn bóòtù tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ lẹ ó sì tú. Ti kékeré tí wọ́n ń gbé káàkiri, ìwé tó bá a wá ló máa sọ ibi tí ẹ ó fọwọ́ kàn. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn gbogbo bóòtù tí ẹ bá fún, torí fífún bóòtù gan-an máa ń fa tábìlì kúrò ní ipò tí ẹ fi í sí. Mo ti lo odindi ọ̀sán kan lórí iṣẹ́ yìí rí, ẹsẹ̀ ayùn náà kò sì yẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó wá kan fẹ́ǹsì. Ẹ fà á wá sétí yàrà, ẹ tì í pa, kí ẹ fi ìka tọ ojú ibi tí fẹ́ǹsì àti etí yàrà ti pàdé láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìka á mọ ìyàtọ̀ tí ojú kò rí. Àwọn tó ní kí ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ewé bébà kan péré ni. Kò gbọdọ̀ fún mọ́ bíléèdì rárá. Bí ẹ bá sì ṣí i jù, apá pákó tó wà ní òdìkejì bíléèdì ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Nítorí náà, lọ́jọ́ iwájú, ibi tó bá jó ni kí ẹ máa wò: bó bá jẹ́ apá ọ̀dọ̀ fẹ́ǹsì ló jó, fẹ́ǹsì ti fún jù lẹ́yìn, bó bá jẹ́ apá kejì, ó ti ṣí jù. Bí méjèèjì bá jó bákan náà, ẹ bi bíléèdì léèrè, bóyá ó ti kú tàbí ó dọ̀tí, tàbí pé ẹ̀yin lẹ ń ti pákó lọ́ra jù.

Ẹ tún fi sùkúà, irin onígun tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dúró ṣánṣán, wo bí bíléèdì ṣe dúró lórí tábìlì. Ara irin bíléèdì ni kí sùkúà kàn, kó má gun orí eyín, torí eyín yọ síta ju ara lọ. Ẹ̀rí tí mo gbẹ́kẹ̀lé jù ni pé kí ẹ gbé pákó fífẹ̀ kan dúró lórí etí rẹ̀, kí ẹ fi gééjì gé e sí méjì, kí ẹ wá yí ọ̀kan nínú rẹ̀ padà, kí ẹ kó ojú méjèèjì tí ẹ gé pọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín wọn, ìlọ́po méjì àṣìṣe yín lẹ ń wò yẹn.

Mo wá dé orí irin tí ẹ yọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Àwọn kan ń pè é ní riving knife. Pákó kì í ṣe òkúta. Bí igi ṣe dàgbà àti bó ṣe gbẹ, ó ti kó agbára pamọ́ sínú, bí ẹ bá sì là á, agbára yẹn á tú jáde. Pákó mìíràn á là, á máa yà síta. Òmíràn á máa padé mọ́ bíléèdì láti ẹ̀yìn, bó ti wù kí fẹ́ǹsì yín tọ́ tó. Irin yìí máa ń dúró sínú ojú ibi tí ẹ ti là, á sì gba pákó mú kó má lè fọwọ́ kan eyín ẹ̀yìn. Ẹ dá a padà lónìí. Kó nípọn ju ara bíléèdì lọ, kó má sì nípọn tó ìlà tí eyín ń là; wọ́n sábà máa ń tẹ iye rẹ̀ sí i lára. Kó jìnnà sí eyín tó mìlímítà 3 sí 8. Kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju orí bíléèdì lọ, kí ẹ má baà tún rí ìdí láti yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ fa yàrà tí kò la pákó já. Ẹ gbé rúlà tó tọ́ tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti rí i pé òun àti bíléèdì wà lójú ìlà kan. Bó bá ń dí yín lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó wọ́ ni, tàbí pé bíléèdì tí ẹ fi sí i tín-ín-rín ju èyí tí wọ́n ṣe irin náà fún lọ. Ẹni tó bá ní ayùn àtijọ́ tí kò ní irú irin yìí rárá lè fi pákó líle ṣe àwo tó yí bíléèdì ká lójú tábìlì, kó sì fi àtè lẹ igi pẹlẹbẹ kan tó dán dúró gbọin-gbọin sójú ihò rẹ̀ lẹ́yìn bíléèdì. Mo ti lo irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé mo jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, kò sí irin yìí lára ayùn tí à ń lò. Mò ń là pákó kan tó gùn tó mítà méjì, mo sì ti dé ìdajì. Ohùn ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ yí padà, ó wálẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń kérora. Mo rí i tí ojú ibi tí mo ti là ń padé. Mo bá ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe: mo fa pákó náà padà sọ́dọ̀ ara mi. N kò rí i nígbà tó fò. Ìbàdí ni mo ti mọ̀ ọ́n, ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn mi ló sì dá a dúró. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má fà á padà. Ẹ tẹ pákó mọ́lẹ̀, ẹ dì í mú gírígírí níbi tó wà, kí ẹ fi orúnkún tàbí ọwọ́ kejì pa súwìṣì, kí ẹ dúró títí bíléèdì á fi dákẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fi ègé igi tín-ín-rín ya ojú ibi tí ẹ ti là kí ẹ tó tún tan iná. Bí súwìṣì yín bá wà níbi tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó rí i, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ní ti ayùn tó ń mọ ẹran ara, òótọ́ ni. Stephen Gass ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999: iná kékeré kan ń gba ara bíléèdì kọjá, bí ara ènìyàn bá kàn án, iná náà á yí padà, irin kan á sì já wọ eyín bíléèdì, á dá a dúró láàárín ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ìka tí ì bá gé á kàn ní ojú ọgbẹ́ kékeré. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ rà á, n kò ní dá yín lẹ́kun. Ṣùgbọ́n pákó ló gbá yín, ọwọ́ yín kò kan bíléèdì. Ayùn yẹn kò ní mọ̀ pé pákó ti há. Fẹ́ǹsì tó wọ́ á ta pákó padà lórí rẹ̀ bó ṣe ta á lórí tiyín.

Kí ẹ tó gbé pákó kankan sórí tábìlì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Igi gan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ojú kan gbọ́dọ̀ tẹ́jú kó lè jókòó sórí tábìlì láìmì, etí kan sì gbọ́dọ̀ tọ́ kó lè fara ti fẹ́ǹsì. Pákó tó lọ́ tàbí tó tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi á mì láàárín ọ̀nà, bó bá sì ti mì, ó ti há nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá ìṣó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán darí pákó láìsí fẹ́ǹsì tàbí gééjì, ẹ má sì lo méjèèjì pọ̀ láti gé ègé kúrò, torí ègé náà á há sáàárín fẹ́ǹsì àti bíléèdì láìsí ohun tó ń tì í. Bí ẹ bá fẹ́ gé ègé púpọ̀ tó dọ́gba, ẹ de pákó kékeré kan mọ́ fẹ́ǹsì níwájú, kó jìnnà sí bíléèdì, kí ẹ fi í ṣe òdiwọ̀n, kí pákó tí ẹ ń gé ti kúrò lára rẹ̀ kó tó dé eyín.

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ara yín má ṣe wà lójú ọ̀nà bíléèdì. Bí fẹ́ǹsì bá wà lápá ọ̀tún, ẹ dúró díẹ̀ sí apá òsì. Bí fífẹ̀ pákó láàárín fẹ́ǹsì àti bíléèdì kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 15, igi ìtìpákó ni kí ẹ fi tì í, kí igi náà ti wà nítòsí ọwọ́ yín kí ẹ tó tan iná. Ẹ fi agbára ti èyí tó wà láàárín fẹ́ǹsì àti bíléèdì títí á fi kọjá irin ẹ̀yìn. Èyí tó wà lódìkejì, ẹ fi í sílẹ̀ kó dá dúró. Pákó eléyín bíi ti òòyà dára láti tẹ pákó mọ́ fẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n iwájú bíléèdì ló gbọ́dọ̀ mọ. Bó bá dé ẹ̀gbẹ́ bíléèdì, òun fúnra rẹ̀ á wá máa pa ojú ibi tí ẹ là dé. Ẹ gbé bíléèdì sókè kí ihò àárín eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lókè pákó. Ẹ wọ awò ojú, ẹ dí etí. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́: bí eyín bá mú aṣọ rẹ̀, á fa ìka wọlé.

Ẹ má sì kó àgékù kúrò nígbà tí bíléèdì ṣì ń yí, àní lẹ́yìn tí ẹ ti pa iná. Ẹni kan tí a jọ ṣiṣẹ́ pàdánù orí ìka méjì nídìí àgékù tí kò gùn tó pẹ́ńsù.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ọ̀pọ̀ bíléèdì tí wọ́n ń jù nù, oje igi ló kàn gan mọ́ ọn léyín. Ẹ tú u, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ní ọṣẹ dáadáa, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun líle fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ kó má baà dógùn-ún. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, torí eyín rẹ̀ le ṣùgbọ́n ó máa ń sán. Láti tú nọ́ọ̀tù tó dì í mú, ẹ fa sípánà wá sọ́dọ̀ yín, ìyẹn síbi tí bíléèdì máa ń yí sí. Ẹ lo èyí tó bá iṣẹ́ mu: eyín 24 sí 30 fún lílà ní gígùn, 60 sí 80 fún ìdábùú. Bí ẹ bá fi eyín 80 la pákó nípọn, á jó o, kò sì sí fẹ́ǹsì tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ fi ìda pa ojú tábìlì àti fẹ́ǹsì, kí ẹ nù ún kó dán. Pákó á máa yọ̀ lọ lórí rẹ̀, ẹ ò sì ní máa fi agbára tì í. Agbára tí a fi ń ti pákó ló ń gbé ọwọ́ lọ sídìí bíléèdì bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀. Ẹ yàgò fún ìda tó ní silicone nínú, torí ó máa ń ba fáníìṣì jẹ́ lára pákó. Abẹ́ tábìlì, níbi tí jíà tó ń gbé bíléèdì sókè wà, ẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò, kí ẹ fi ìda pa á. Òróró lásán á kó lẹ́búlẹ́bú mọ́ra, á sì di àmọ̀. Ẹ wo bẹ́líìtì bóyá ó ti sán. Níkẹyìn, ẹ di bíléèdì mú kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì lára ọ̀pá rẹ̀, bíárìn ló kú, ẹ má lo ayùn náà títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán, tí irin ẹ̀yìn sì ti padà sí ipò, ẹ mú pákó kan tó tọ́, tó gùn tó mítà kan, ẹ là á. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tẹ́tí sí ohùn ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbọdọ̀ wálẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn náà ẹ pa iná, ẹ dúró kí bíléèdì dákẹ́, kí ẹ gbé apá méjèèjì lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ kọ sí mi irú àmì tí eyín fi sí i lára àti apá tó wà.